Ẹ̀rín Ẹnu Géètì

Ọ̀gá Kékeré di abala ike funfun kan mọ́ orí tábìlì ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì, ọ̀bẹ ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e bí kọ̀ǹpútà ti ń darí rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi ń han bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Fóònù dún.

"Dá a dúró! Ó lọ́ra jù, ike ti ń yọ́ mọ́ ọ̀bẹ."

Ó dá a dúró. Lóòótọ́ ni, ike ti yọ́ wé ọ̀bẹ bí àbẹ́là.

Ará Òkèèrè ló pè é. Òun ni bàbá Ọ̀gá Kékeré, tó ni ilé-iṣẹ́ náà, gbà síṣẹ́ láti máa kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé, kó sì máa fi í ránṣẹ́ láti ìlú tó jìnnà. Kò sẹ́ni tó rí ojú rẹ̀ rí nílé-iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ dà wọ́n pọ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ á tán, wọn ò ní gbé fóònù kalẹ̀. Ọkàn Ọ̀gá Kékeré ti lọ pátápátá. Bàbá nìkan ló kọ̀: "Mi ò ní fọmọbìnrin mi fún ohùn. Kó wá, kí n rí i."

Ọ̀gá Kékeré bi í lórí fóònù pé, "Àyànfẹ́ mi, ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀rọ ń han? Mi ò tíì pè ọ́."

Ajá kan gbó lẹ́yìn ọgbà. Ọ̀gá Kékeré gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, ó tún gbọ́ ọ nínú fóònù.

"Níbo lo wà?"

"Ẹ̀yìn ọgbà yín, nílé ìyá mi." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo ti wá tọrọ iṣẹ́ yìí lẹ́nu géètì yín rí. Bàbá rẹ ní, 'Ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa, kí ló fẹ́ mọ̀ tí a ò mọ̀?' Ìwọ sì rẹ́rìn-ín. Mo padà sílé, mo di ará òkèèrè."

Ojú ti Ọ̀gá Kékeré débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó rántí ọkùnrin tó há kọ̀ǹpútà mọ́ abíyá, tí bàtà rẹ̀ kún fún eruku. Ó rántí ẹ̀rín náà pẹ̀lú: ẹ̀rín àríntàkìtì.

"Jọ̀ọ́, olólùfẹ́ mi..."

"Irọ́ ni mo pa fún ọ, ojú ń ti èmi náà. Mo ti tún àṣẹ náà kọ, mo ti fi ránṣẹ́. Òun ni ìkẹyìn." Ó pa fóònù.

Bàbá wọlé. "Kí ni Ará Òkèèrè wí? Ẹni bí idán! Ká ní ará àdúgbò yìí ni, ì bá ti ba ike mi jẹ́ tán."

"Bàbá mi, ará àdúgbò ni. Ẹ̀yìn ọgbà wa ló ń gbé. Ẹni tá a lé ní géètì ni."

Bàbá jókòó gbì sórí ìdì ike. "Èyí tí mo..."

"Ẹ̀yin lẹ lé e. Èmi ni mo fi í rẹ́rìn-ín."

Bàbá fọwọ́ pa orí, ó tẹjú mọ́lẹ̀. "Ohun tí mò ń wá lọ sókè òkun, ẹ̀yìn ilé mi ló wà. Ojú tì mí, ọmọ mi." Ó dìde. "Lọ bá a. Sọ fún un pé kò pọn dandan kó wá fojú hàn mí mọ́. Èmi ni mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n parí iṣẹ́ yẹn ná. Ìfẹ́ ò ní ká fi ike ṣòfò."

Ọ̀gá Kékeré fọ ọ̀bẹ mọ́, ó gbé abala mìíràn lé orí tábìlì ẹ̀rọ, ó fi àṣẹ tuntun sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń lọ geerege, kò han rárá. Ó mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ọgbà.

Nígbà tó gé e tán, ó pa ẹ̀rọ, ó gbọn èérún ike kúrò lára, ó sì gba ẹnu géètì ọjọ́sí jáde. Kò mú ẹ̀bùn kankan dání. Ẹnu tó fi rẹ́rìn-ín ló ń gbé lọ bẹ̀ ẹ́.