Ọmọ Tó Ń Dúró Kí Tírélà Kọjá

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí kì í purọ́, kì í sì í sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn. Bó ṣe rí gan-an nìyí. Kò sí àbùmọ́ níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń wádìí ìṣòro àdúgbò tó yí ilé ẹ̀kọ́ wọn ká, wọ́n á sì kọ àbá ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí òfin tó yẹ kó ṣe. Lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ tírélà ni wọ́n mú. Àárín àwọn ilé ni àwọn tírélà ń gbà kọjá. Wọ́n ń la ògiri, wọ́n sì ń pa ọmọ ọlọ́mọ.

Gbogbo ojúlé tí Abẹ́rẹ́ yà láti béèrè ló ní kí wọ́n lé àwọn tírélà náà. Àfi Ìyá Aránṣọ, ẹni tí tírélà pa ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo níwájú ilé.

"Ẹ má lé wọn," ló wí.

"Ìyá, ẹ̀yin gan-an lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọlé, ọmọ mi. Jókòó. Má sọ̀rọ̀."

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn tàn sílẹ̀ yàrá. Ìyá tẹ orí ba ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Tírélà kan ń kù bọ̀ lókèèrè. Fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà náà ni Abẹ́rẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré, ẹsẹ̀ láìsí bàtà, tó sáré láti yàrá ẹ̀yìn wá sí ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ náà dúró. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Màámi, ṣé wọ́n ti kọjá?" ni ohùn ọmọdé kan bi.

"Ó kù díẹ̀, ìyá mi," ni Ìyá Aránṣọ dáhùn, láìgbójú sókè.

Tírélà kọjá. Ilé pa rọ́rọ́.

"Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa dúró kí tírélà kọjá kó tó sọdá," ni Ìyá wí. "Ọjọ́ kan péré ni kò dúró. Bí tírélà ò bá wá mọ́, kí ni yóò máa mú un wá?"

Abẹ́rẹ́ kò sùn dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mìíràn ṣì ń sọdá títì yẹn lọ sílé ìwé. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n bi í bóyá gbogbo àdúgbò ló gbà.

"Gbogbo wọn," ló wí. Kò purọ́ rí ṣáájú ìgbà yẹn.

Ìjọba gba àbá wọn. Wọ́n darí àwọn tírélà sí ọ̀nà tuntun kan lẹ́yìn yunifásítì.

Ọjọ́ tí títì kọ́kọ́ dákẹ́, Abẹ́rẹ́ lọ kí Ìyá Aránṣọ. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá ò rán nǹkan kan.

"Ó wá," ló wí. "Láìsí tírélà kankan, ó wá. Ó bi mí bóyá wọ́n ti kọjá. Mo tẹ́tí títí, n ò gbọ́ nǹkan kan. N ò lè purọ́ fún un. Mo ní wọ́n ti kọjá. Ló bá jáde."

"Ó lọ síbo, Ìyá?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ ìbéèrè í bi. Bá mi béèrè."

Abẹ́rẹ́ sọdá. Káfíńtà tó wà ní òdìkejì ń fá pákó.

"Ọmọbìnrin kékeré? Ó kí mi lẹ́ẹ̀kan. Oòrùn ò jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀. Ó ní níbo ni àwọn tírélà gbà lọ."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo nawọ́ sí ọ̀nà ẹ̀yìn yunifásítì ni. Àbí mo ṣe ohun tí kò dáa?"

Abẹ́rẹ́ padà lọ sọ ohun tí káfíńtà wí fún Ìyá. Ìyá wo ojú rẹ̀, ó fa ìborùn rẹ̀, ó sì jáde.

Àwọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tuntun náà, nínú eruku. Tírélà ń tẹ̀lé tírélà. Ìyá pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó tún un pè. Ó tẹ́tí sínú ariwo náà.

"Ṣé ó dáhùn?" ló bi Abẹ́rẹ́.

Tírélà mìíràn ti ń kù bọ̀.