Ẹni Tó Jókòó Ti Pẹ̀lúmi

Ojú mi ló rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ní ọ̀sán gangan. N kò mutí. N kò sùn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó má gbà á gbọ́. Èmi náà ìbá fẹ́ kó jẹ́ irọ́.

Lébìrà ni mí ní ìlú Benin. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún mi, Pẹ̀lúmi, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí ibà Lásà mú un, wọ́n gbé e sí yàrá àdádó ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Upper Sakponba. N kò lè wọlé tọ̀ ọ́. Wọ́n fún mi ní tábúlẹ́ẹ̀tì kan, fóònù fífẹ̀ bí àwo, kí n máa fi wo ọmọ mi láti orí bẹ́ǹṣì níta. Ìkejì rẹ̀ wà nínú yàrá, nínú ọ̀rá, níbi ẹsẹ̀ ibùsùn.

Nọ́ọ̀sì Ọláfúnkẹ́ nìkan ló ń wọlé. Aṣọ ìdáàbòbò á máa bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, a ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ orúkọ gàdàgbà sí àyà aṣọ náà, kí aláìsàn lè mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ibọ̀wọ́ méjì ló ń wọ̀ léra. Á tẹ tábúlẹ́ẹ̀tì, á tún un tẹ̀, á pòṣé.

"Bàbá Pẹ̀lúmi, nǹkan yìí ya adití. Àfi ọwọ́ lásán ló ń gbọ́ tirẹ̀."

Lọ́jọ́ náà, òjò ń rọ̀. Pẹ̀lúmi ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo wo tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan jókòó tì í nínú aṣọ ìdáàbòbò, ó tẹrí ba.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Sístà."

Níta, òjò ń pariwo. Nínú yàrá yẹn, kẹ́kẹ́ pa.

"Mo fi í lé yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀."

Ó gbé orí sókè. Ó mi orí bí ẹni tó gbà. Kò sí orúkọ kankan ní àyà rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí tábúlẹ́ẹ̀tì, ó kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kan péré. Tọwọ́ mi ṣókùnkùn.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Nọ́ọ̀sì Ọláfúnkẹ́ ló dúró lẹ́yìn mi, agboòrùn lọ́wọ́, omi ń kán lára rẹ̀.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ wà nínú yàrá?"

"Èmi? Mo lọ ra búrẹ́dì ni. Kọ́kọ́rọ́ rèé."

A jọ wo ilẹ̀kùn. Ó wà ní títì.

Mo sáré débẹ̀. Ó fà mí lẹ́wù. "Ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Ẹ jẹ́ n múra."

Bàtà. Aṣọ. Ìbòmú. Ibọ̀wọ́, ibọ̀wọ́. Mo fi etí ti ilẹ̀kùn. N kò gbọ́ mímí ọmọ mi mọ́.

Ó wọlé. Ó pẹ́ kí tábúlẹ́ẹ̀tì mi tó tàn.

"Bàbá Pẹ̀lúmi, ara rẹ̀ ti tutù."

Mo figbe ta.

"Rárá o, ibà ló lọ! Ó ń mí dáadáa." Ó fẹ́ jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Sister, no siddon there," ni Pẹ̀lúmi wí. Yorùbá yé e, ṣùgbọ́n Pìjín ló fi ń fèsì. "Person dey."

Nọ́ọ̀sì kò wo àga náà. Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Nígbà tó bọ́ aṣọ tán, ó béèrè ohun tí mo sọ fún ẹni yẹn. Mo sọ fún un.

"Ẹ kò kọ́kọ́ béèrè orúkọ?"

"Mo rò pé ẹ̀yin ni."

"Bàbá Pẹ̀lúmi, ọmọ lẹ fi lé e lọ́wọ́ yẹn."

Ara ọmọ mi yá. Wọ́n ní ká máa lọ sílé. Mo pe takisí. Pẹ̀lúmi wọ ẹ̀yìn. Mo ṣí ilẹ̀kùn kejì kí n lè jókòó tì í.

"Daddy, abeg, enter front," ó wí jẹ́jẹ́.

Mo pa ilẹ̀kùn náà dé. Mo lọ jókòó níwájú. Dẹ́rẹ́bà gbójú sókè wo dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó yí dígí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.