Ìyípo Kẹta Láyí

Òkú Láyí ṣì wà nínú ọkọ̀ nígbà tí Ìńsípẹ́kítọ̀ Motọ́lání débẹ̀.

Imú ọkọ̀ ti wọ inú ògiri. Bọ́nẹ́ẹ̀tì pupa ti ká sókè. Igbá ọ́ìlì bíréèkì ti fọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti dà sára ọ̀dà pupa náà, ó sì ń kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn èrò tó ń pariwo láàárọ̀ ti dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ wọn ò dáa. Ojú gbogbo wọn wà lára ọkùnrin kan ṣoṣo.

Ọ̀jẹ̀túndé ni, mẹkáníìkì àgbà ní Mushin. Òun ló fi páìpù àti irin kọ́ ọkọ̀ eré kan, ọkọ̀ tí kò ní ìwo, tí kò ní iná, tí kò wúlò fún ohunkóhun ju eré lọ. Muadh, tó ti wa bọ́ọ̀sì ní Ìpọ̀nrí rí, ló bá a wà á lọ́dún tó kọjá, tó fi yí ọgbà ilé iṣẹ́ aṣọ tó ti kógbá sílẹ̀ yìí ká. Kò sẹ́ni tó tíì yára tó o. Àṣà ibẹ̀ ni pé wọ́n á fi ọ̀dà kọ orúkọ ẹni tó bá yára jù gàdàgbà sára ògiri ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá borí rẹ̀ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́, kí onítọ̀hún máa wò ó.

Láyí wá ti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó dé. Ó ní ọkọ̀ tí ìyá òun ń gbé lọ sọ́jà lòun máa tún ṣe tóun á fi pa orúkọ Muadh rẹ́. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àwọn òyìnbó tó lówó rẹpẹtẹ pàápàá ṣì ń jiyàn bóyá ọkọ̀ ojú pópó, bó ti wù kó lágbára tó, lè yára ju ọkọ̀ tí wọ́n dìídì kọ́ fún eré. Ta wá ni Láyí? Láyí kàn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní báyìí, ó ti kú.

Ṣùbòmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ tún ọkọ̀ náà ṣe, ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ń fi fóònù ka àkókò. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní ìyípo kìíní lọ dáadáa, èkejì náà lọ dáadáa. Ìyípo kẹta ni ọkọ̀ dé kọ́nà tí kò yà.

"Iná ẹ̀yìn tàn, Àǹtí," ó ní. "Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ ò gbọ́."

"Báwo ni bíréèkì ṣe rí láàárọ̀?"

"Ó le bí òkúta. Èmi fúnra mi tẹ̀ ẹ́."

Motọ́lání wo ohun tó dà sára ọ̀dà pupa náà. Ó ní kí Ṣùbòmí mú ọ́ìlì bíréèkì tuntun wá, kó da díẹ̀ sí apá kejì bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tí nǹkan kan ò tíì kàn. Ṣùbòmí wò ó bí ẹni pé ètùtù ló fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ó dà á.

Ọ̀gá Motọ́lání ní àgọ́ ní kó kọ ọ́ pé jàǹbá ọkọ̀ ni, kó sì máa bọ̀. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ti ń to táyà àlòkù síwájú géètì Ọ̀jẹ̀túndé. Wọn ò kó o wá tà. Wọ́n ní Ọ̀jẹ̀túndé ló pa Láyí kí ọkọ̀ tirẹ̀ má bàa di ẹ̀sín, pé bí wọ́n bá ti sin Láyí lọ́la, àwọn á dáná sun ún pa pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọlọ́pàá mẹ́ta péré ni Motọ́lání ní.

Ó kọ́kọ́ bi Ọ̀jẹ̀túndé léèrè. Ọkùnrin náà jókòó sórí ẹ́ńjìnnì kan. Ó ní òfin wọn ni pé alátakò gbọ́dọ̀ yẹ ọkọ̀ wò lọ́jọ́ tó ṣáájú eré, kó rí i dájú pé ọkọ̀ ojú pópó ni lóòótọ́. Òun àti Muadh ló lọ bá Láyí nílé ní Sátidé. Òun fun ìwo, òun tan iná, òun wo wáípà, òun sì kúrò. Muadh ló dúró sẹ́yìn.

Muadh wà níta, ó jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọọrọ. Ẹsẹ̀ náà ti kán lẹ́yìn tó borí lọ́dún tó kọjá, kò sì lè ká mọ́. Ó tẹ́ tówẹ́lì sórí táńkì ọ̀kadà náà. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń nù ún.

"Ẹ̀gbọ́n Ọ̀jẹ̀túndé ló wọ abẹ́ ọkọ̀," ó ní. "Èmi, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí? Ìwo ni mo fun."

Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń parọ́.

Àrìnpé, ìyàwó Láyí, kò rí ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń sá aṣọ lọ́jọ́ náà, Ṣùbòmí sì ti lọ ra táyà. Ohùn ló gbọ́. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀, ohùn náà há sínú irin, Láyí sì ń dá a lóhùn láti orí àga awakọ̀.

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Tẹ̀ ẹ́. Dì í mú. Jù ú sílẹ̀. Ó ń sọ ọ́ léraléra. Mo rò pé iná bíréèkì ni wọ́n ń wò."

Motọ́lání mọ iṣẹ́ yẹn. Bàbá rẹ̀ wa lọ́rì láti Ògbómọ̀ṣọ́, òun Motọ́lání ló sì máa ń bá a tẹ bíréèkì nígbà tó bá ń fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde láti ẹsẹ̀ táyà. Èèyàn méjì ló ń ṣe é. Ọ̀kan á wà nísàlẹ̀, ọ̀kan á máa tẹ̀ ẹ́. Wọn ò wo iná kankan. Láyí ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti ọ́ìlì bíréèkì rẹ̀ jáde, tó sì fa ikú wọlé dípò rẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó padà síbi ọkọ̀ náà. Apá ibi tí Ṣùbòmí da ọ́ìlì tuntun sí ti wú, ọ̀dà ti ṣí bí awọ ara tí iná jó, nítorí ọ́ìlì bíréèkì máa ń jẹ ọ̀dà. Ibi tí ohun inú ọkọ̀ Láyí dà sí ń dán bí ẹyin. Ohun tó dà síbẹ̀ ti gbẹ, ó funfun. Motọ́lání fi ìka kàn án, ó ń yọ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀.

Omi ọṣẹ ni.

Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ́ìlì bá tán lọ́wọ́ onímọ́tò èrò, á po omi ọṣẹ sí i, kó lè parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ìbéèrè kan ló kù: báwo ni ẹni náà ṣe gbé ọ́ìlì tó fà jáde lọ?

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀jẹ̀túndé, wọ́n ti da epo sórí àwọn táyà náà. Muadh wà láàárín èrò, lórí ọ̀kadà rẹ̀, tówẹ́lì tí kò fi nu òógùn rẹ̀ lánàá ṣì wà lórí táńkì.

"Gbé ọ̀kadà yẹn wọlé," Motọ́lání sọ fún un. Àwọn ọlọ́pàá ti géètì. Ọ̀jẹ̀túndé, Ṣùbòmí àti Àrìnpé wà nínú. "Ká tówẹ́lì yẹn."

Kò ká a. Motọ́lání ká a fúnra rẹ̀. Ọ̀dà búlúù ara táńkì ti hó, ó ti wú, láti òkè dé ìsàlẹ̀, níbi tí ìgò kan tí wọ́n gbé lé e ti jò sí.

"Epo bẹntiróòlù ló dà sí i," Muadh ní.

"Bẹntiróòlù kì í ṣe ọ̀dà báyìí. Ọ́ìlì bíréèkì Láyí nìyí. O ní kó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Kí lo sọ fún un?"

Muadh fọwọ́ kan ọ̀dà tó hó náà.

"Mo ní afẹ́fẹ́ wà nínú bíréèkì rẹ̀, pé kó jẹ́ kí n bá a yọ ọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó mí kanlẹ̀. "Màdámú, mi ò lè wa ọkọ̀ eré mọ́. Orúkọ ara ògiri yẹn ló kù mí kù. Ó ti ra ọ̀dà funfun tó máa fi pa á rẹ́. Ó fi hàn mí. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ pa á. Ọdún méjì ni mo fi wa bọ́ọ̀sì lórí omi ọṣẹ. Ṣe ló máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, èèyàn á mọ̀. Mo rò pé àyà rẹ̀ á já, á dẹwọ́."

"Bọ́ọ̀sì Ìpọ̀nrí kì í sáré bẹ́ẹ̀," Motọ́lání ní. "Bíréèkì Láyí gbóná, omi hó nínú páìpù, ó di ooru. Ooru ò lè dá ọkọ̀ dúró. Kò sí díẹ̀díẹ̀ kankan níbẹ̀."

Ọ̀jẹ̀túndé bo ojú rẹ̀. Àrìnpé dìde, ó sì jáde lọ bá àwọn èrò. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú, ó lọ sílẹ̀, ó ń sọ fún wọn pé kì í ṣe Ọ̀jẹ̀túndé, kí wọ́n jẹ́ kí ọlọ́pàá mú ẹni tó ṣe é lọ láàyè, torí òun fẹ́ kó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Ariwo náà rọlẹ̀.

Wọ́n ti kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí Muadh lọ́wọ́ nígbà tó yíjú sí Ṣùbòmí.

"Ó kù díẹ̀ kó lé mi bá ni, àbí?"

Ṣùbòmí ò tíì sọ ohun tó wà lórí fóònù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

"Kò ku díẹ̀ kankan," ó ní. "Ìyípo kejì ló ti kọjá ẹ. Mo juwọ́ sí i pé kó dúró, ó ti tán. Ó na ìka kan sókè sí mi, ó ní kí n jẹ́ kóun yí i lẹ́ẹ̀kan sí i."