Aṣọ Dúdú Ojú Fèrèsé

"Ta ló kọ́ ọ láti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé wọ̀nyí?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé, ẹnjiníà ọmọ Ìgbájọ, ló bi Fúnminíyì bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń wo ilé páálí tí ọmọ náà kọ́. Òun ló gbé ìdíje kan kalẹ̀ ní ilé ìwé wọn ní Ìlá: kí akẹ́kọ̀ọ́ fi páálí kọ́ irú ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé níbi tí wọ́n ti ń wa epo láàárín òkun. Ẹni tó bá gbégbá orókè yóò lọ sí Wàrí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an. Fúnminíyì fẹ́ lọ ju ohunkóhun lọ.

"Àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ló ń sùn níbẹ̀ lọ́sàn-án, sà. Ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé, ariwo kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ jìnnà sí wọn."

"Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, sà!" Kàdíjátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbà á sọ. "Ẹnjiníà ni wọ́n lórí òkun!"

Àyà Fúnminíyì já. Òun fúnra rẹ̀ ló pa irọ́ yẹn fún Kàdíjátù lọ́dún tó kọjá, nítorí ojú ń tì í. Ó lè dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ọwọ́ bàbá rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó.

"Rárá, sà. Alágbàfọ̀ ni bàbá mi. Àwọn ló ń fọ aṣọ, tí wọ́n sì ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Irọ́ ni mo pa."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Fúnminíyì ò tilẹ̀ pé ọdún méjì! Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé kò rẹ́rìn-ín.

"Àwa ẹnjiníà la gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá oorun nígbà kan," ó wí. "Àwọn èèyàn ń tòògbé lẹ́nu iṣẹ́, a ò mọ ohun tó fà á. Alágbàfọ̀ kan ló là wá lójú. Ọmọ yìí ló gbégbá orókè!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kàdíjátù dì mọ́ ọn. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò bá ti sọ fún mi!"

Nígbà tí bàbá rẹ̀ pè é lórí fóònù láti orí òkun, ó ké: "Bàbá mi, mò ń lọ sí Wàrí! Mo sì sọ fún gbogbo wọn pé alágbàfọ̀ ni yín."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. "Ṣé o sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀dì tí mo bá tẹ́ kì í hunjọ?"

Inú Fúnminíyì dùn dé ọ̀run. Irọ́ tó pa kò fún un ní nǹkan kan bí kò ṣe ìjayà. Iṣẹ́ tó ń tijú rẹ̀ ló gbé e ga. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ òótọ́ òbí yín pamọ́: ọgbọ́n tí ẹ óò fi borí lè wà nínú rẹ̀.