Ọwọ́ Òsì Fàúsát

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn kó bọ́ síwájú, ẹni tó ń jẹ gúgúrú kó rọra máa run ún. Ìtàn tí mo gbé dé yìí dùn lẹ́nu, ó sì korò lọ́fun.

Ní Ìkẹjà, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan tí òórùn rẹ̀ ń mú kí ẹnu ẹni dá itọ́, yunifásítì kékeré kan wà níbẹ̀. Ìwé ni wọ́n mọ̀. Bí ajá bá ṣèèṣì wọ ọgbà wọn, wọ́n á ní kó mú èsì ìdánwò rẹ̀ wá. Síbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin wọn mọ fọ́líbọ́ọ̀lù gbá! Ọdún mẹ́rin léra wọn ni wọ́n fi gba ife. Òfin kan ló wà ńbẹ̀: ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìwé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ Sátidé ni àṣekágbá. Fàúsát, ẹni tó ń la bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ fún wọn, ló ń dá orin:

"Ẹ gbé e sókè fún mi o!"
"A gbé e!"
"Kí n là á mọ́ wọn lójú o!"
"Là á!"

Àárín eré ni igbe ta. Fàúsát wó lulẹ̀. Ó di ọwọ́ òsì mú, ó ń ta pọ́únpọ́ún bí ẹja tó já bọ́ nínú agbọ̀n.

"Yèrèpè ni!" Gbogbo pápá ń pariwo. "Wọ́n ti fi yèrèpè sí i lára! Ẹ mú epo pupa wá!"

Olúwabùsọ́lá sáré dé. Òun ni olórí ẹgbẹ́ wọn, òun àti Fàúsát ló jọ ń gbé yàrá kan.

"Ẹ má fi epo sí i! Omi ni kẹ́ ẹ dà sí i, omi púpọ̀!"

Ta ni yóò gbọ́? Ìyá alákàrà kan ti gbé ìgò epo dé, ó ti dà á sórí báńdéèjì tí ọmọ náà fi di ọwọ́. Fàúsát ké títí ohùn rẹ̀ fi lọ.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ọpẹ́yẹmí, tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì látọdún tó kọjá, bọ́ sí ipò rẹ̀. Wọ́n sì gba ife náà. Wọ́n tiẹ̀ jó.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Uswat dé láti àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, obìnrin kúkúrú tó máa ń woni bí ẹni ń wo ẹran lọ́jà. Ọsibítù ló kọ́kọ́ lọ. Ìka mẹ́ta ti bó. Dókítà ní àwọn ìka náà lè má ká mọ́.

Uswat mú báńdéèjì òsì tí wọ́n gé kúrò. Ó fi ìka ra epo ara rẹ̀. Ó ń yọ̀, ó ti funfun, ó ń yọ ìfófòó.

"Ta ló fi ọṣẹ sí i?"

"Kò sẹ́ni tó fi ọṣẹ sí i, mà. Epo nìkan ni."

Uswat rẹ́rìn-ín. Orí àdògán ọlọ́ṣẹ ni ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ dàgbà. "Epo kì í dá di ọṣẹ, dókítà. Sódà ọlọ́ṣẹ ló wà nínú aṣọ yìí. Bó bá gbẹ, kì í ṣe nǹkan kan. Òógùn ló jí i."

Ó yẹ báńdéèjì ọ̀tún wò. Ó mọ́ tónítóní.

Ó pe Moses, kóòṣì wọn.

"Ìwọ lo dì í lọ́wọ́?"

"Èmi ni, mà. Ọwọ́ méjèèjì la máa ń dì. Ti òsì ní òwú pupa létí."

"Ta ló ń fọ̀ wọ́n?"

"Bùsọ́lá ló máa ń bá a fọ̀ ọ́, mà. Ṣùgbọ́n àpò Fàúsát ti wà lórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí kan. Ẹnikẹ́ni ló lè fọwọ́ kàn án."

Ọpẹ́yẹmí ló kàn. Kò tíì jókòó tó ti ń sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀ pé èmi lẹ ń wá. Èmi ni mo bọ́ sí ipò rẹ̀. Wọ́n ní sódà ọlọ́ṣẹ ni, bàbá mi sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ, lójú ọ̀nà Ọba Àkran. Ẹ wá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́."

"Ẹnu ẹ mú o. Ọwọ́ wo ni Fàúsát fi ń la bọ́ọ̀lù?"

"Ọ̀tún, mà."

"Bó o bá fẹ́ gba ipò rẹ̀, èwo lo máa jó?"

"Ọ̀tún kẹ̀! Àh, mà, mi ò ní jó ìkankan o!"

"Kí ló ń fi òsì ṣe?"

"Ó fi ń kọ̀wé, mà."

Uswat dìde. Ó lọ wo pátákó ìkéde. Ìdánwò kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ipò kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀: ẹni tó bá gbégbá orókè yóò lọ kàwé sí i ní Kánádà. Orúkọ mẹ́ta ló wà lókè: Fàúsát, Olúwabùsọ́lá, Ayọ̀tọ́lá.

Ilé ìkàwé ló ti bá Ayọ̀tọ́lá. Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"O mọ báńdéèjì Fàúsát?"

Ọmọ náà ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Wọ́n máa ń di báńdéèjì láti gbá bọ́ọ̀lù ni, mà?"

Ní ọsibítù, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Fàúsát ni Olúwabùsọ́lá wà. Ó ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ọ̀rẹ́ gidi," ni Uswat wí. "Jẹ́ ká jáde síta díẹ̀."

Níta, kò jókòó. "Wọ́n ní o ní kí wọ́n má fi epo sí i. Kí ló dé?"

"Epo kò dáa fún ohun tó bá jóni, mà."

"Ta ló sọ fún ẹ pé nǹkan jó o? Yèrèpè ni gbogbo pápá ń pariwo. Ta ló ń da omi sí yèrèpè? Ìwọ nìkan lo bèèrè omi. Iṣẹ́ wo ni ìyá ẹ ń ṣe?"

Olúwabùsọ́lá wo bàtà rẹ̀.

"Mo ní iṣẹ́ wo?"

"Ọṣẹ ni wọ́n ń sè, mà. L'Ágége."

"Ó dáa. Máa bá mi sọ ọ́ lọ."

"Mo lọ sódà kúnná. Mo wọ́n ọn sáàárín èyí tó ní òwú pupa, mo ká a, mo fi náílọ̀n wé e kí ọ̀rinrin má dé ibẹ̀. Èmi ni mo tú náílọ̀n náà kúrò ní pápá." Omijé ti dé. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbé bọ́ọ̀lù sókè fún un, mà. Èmi á gbé e, òun á là á, òun ni wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún. Nínú ìwé náà, èmi ni ìkejì. Mo rò pé á kàn ta á díẹ̀ ni, kó má lè di bírò mú lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"O wá ń pariwo omi."

"Nígbà tó ké, mi ò lè fara dà á."

"Bó o bá panu mọ́ ni, ǹ bá ṣì máa yí pápá ká," ni Uswat wí. "Àánú rẹ̀ tó ṣe ẹ́ yẹn ló mú ẹ. Na ọwọ́."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Fàúsát dé yàrá ìdánwò pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n wé bí ọmọ tuntun. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n forí korí. Wọ́n ní àánú rẹ̀ ṣe àwọn, ṣùgbọ́n òfin lòfin: ẹnì kan kì í bá ẹnì kan kọ̀wé. Ó fi ọ̀tún kọ ọ́. Ìbéèrè kejì ló wà nígbà tí aago lù, ohun tó kọ sì dà bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀.

Ayọ̀tọ́lá ló gba ipò náà.

Ìjẹ̀bú làwọn òbí rẹ̀, Ifákọ̀ ni wọ́n ń gbé. Wọ́n pa àgbò méjì, wọ́n se ìkọ́kọ́rẹ́ kún ìkòkò, wọ́n ní kí gbogbo ẹgbẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù wá báwọn dúpẹ́. Moses wá, ó jẹ títí ó fi tú bẹ́líìtì. Uswat náà yà síbẹ̀, ó di ẹran itan sínú náílọ̀n.

Fàúsát wá pẹ̀lú. Ayọ̀tọ́lá fúnra rẹ̀ ló gbé àwo fún un. "Jẹun dáadáa o, ọ̀rẹ́ mi." Fàúsát jẹ ẹ́ tán. Ó gbé àwo sókè, ó ní kí wọ́n bu sí i. Wọ́n bù ú, wọ́n fi ẹran méjì lé e.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, oníkálùkù nu ẹnu, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, ó gba ilé lọ. Kò sẹ́ni tí kò yó.