Kọ́ńpáàsì Láwọ̀yín

Lórí àpáta kan lẹ́bàá Iyah-Gbede ni Láwọ̀yín ti kọ́kọ́ rí Wúràọlá: agbọ̀n kaṣú lórí, àdá lọ́wọ́, tó fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí òkúta gbígbóná bí ẹni dúró lórí ẹní. Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Àwọn àlejò mẹ́jọ tó ń ṣamọ̀nà wọn gun òkè pàápàá dúró wò ó.

"Òkun o," ọmọbìnrin náà fi ìkíni ilẹ̀ wọn kí wọn. "Bó bá jẹ́ ìsun omi lẹ̀ ń lọ, ẹ gba apá òsì nídìí ìrókò."

Láwọ̀yín fọwọ́ kan kọ́ńpáàsì tuntun tó so mọ́ ọrùn pẹ̀lú fóònù rẹ̀. "Àbúrò, abẹ́rẹ́ yìí mọ àríwá. Kì í purọ́."

"Kò burú. Mi ò ṣáà tíì rí i kó mú ewúrẹ́ kan padà wálé."

Wọ́n tẹ̀lé abẹ́rẹ́, wọ́n ṣìnà títí oòrùn fi ń wọ̀. Wúràọlá àti Josiah bàbá rẹ̀ ló gbọ́ igbe wọn, tí wọ́n wá kó wọn sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, Láwọ̀yín ní, "Ọmọbìnrin yìí ló júwe ọ̀nà fún wa." Wúràọlá kàn wò ó.

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún fi àlejò lé Wúràọlá lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ amọ̀nà ló fẹ́ràn jù láyé.

Nílé, Láwọ̀yín gbé kọ́ńpáàsì sí ẹ̀gbẹ́ fóònù, abẹ́rẹ́ bá yí sí fóònù. Ó gbé fóònù kúrò, abẹ́rẹ́ padà sí àríwá. Òòfà tó ń pa ìdérí àpò fóònù dé ló ti ń fà á lórí òkè. Abẹ́rẹ́ ò mọ nǹkan kan, òun Láwọ̀yín ló purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ojú tì í gan-an.

Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn àlejò, ó jẹ́wọ́ fún wọn. Lọ́jọ́ tí ará àdúgbò pé sí oko Josiah fún ọ̀wẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín ebè.

"Ẹ̀yin bàbá mi, irọ́ ni mo pa mọ́ Wúràọlá. Ọ̀nà tó júwe dáa, èmi ni mi ò gbà á."

Josiah na ọkọ́ kan sí i. "Ojú gbogbo ayé lo ti bà á jẹ́, ojú gbogbo ayé lo ti tún un ṣe. Gbé ọkọ́."

Ebè rẹ̀ wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Wúràọlá gbé omi wá fún un. "Ṣé kọ́ńpáàsì lo fi kọ eléyìí náà?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rẹ́rìn-ín sí i láti ọjọ́ náà.

Bó ṣe di ẹni tí kì í pa ọ̀wẹ̀ Josiah jẹ nìyẹn. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, Josiah ní kó mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ Wúràọlá, wọ́n sì ṣègbéyàwó. Lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó, àwọn méjèèjì gun òkè, wọ́n dé ìdí ìrókò.

"Wúrà, ojú ṣì ń tì mí."

"Jẹ́ kó máa tì ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó bá ọ mu."

Láwọ̀yín fi kọ́ńpáàsì sílẹ̀ nínú àpò. "Apá ibo la máa gbà, ìyàwó mi?"

Wúràọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Apá òsì, olówó orí mi."