Tínà Inú Ike Omi

Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀ kó parí, tí àwọn aládùúgbò ní Sabon Gari ní Kano ń ra aṣọ ọmọ àti dàbínò tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé, ìpẹtà ni Sàlámì ń rò ní tirẹ̀. Ìpẹtà ti jẹ abẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mọ́tò yìí kan náà ni wọ́n fẹ́ gbé lọ ṣọdún nílé àwọn àna rẹ̀ n'Ílọrin. Lọ́dún tó kọjá, àna rẹ̀ kan bi í léèrè níṣojú gbogbo ilé pé ṣé kì í fún mọ́tò náà lóúnjẹ ni, tó fi ń jẹ ara rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Títí di bí a ṣe ń wí yìí, ẹ̀rín náà ò tíì kúrò létí Sàlámì.

Ọlọ́dà mọ́tò tó mọ̀ ní Fagge ní iṣẹ́ ti kún ọwọ́ òun, àfi lẹ́yìn ọdún. Sàlámì ní kò burú, ṣebí òun náà lọ́wọ́. Ó wo fídíò lórí fóònù, ó ra ọ̀dà, sanpépà àti gálọ́ọ̀nù kan tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, ó sì dojú kọ iṣẹ́ náà láàárín agboolé.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó gbìyànjú. Ó fi sanpépà ha ìpẹtà náà títí irin fi funfun, ó sì lẹ ìwé ìròyìn bo gíláàsì iwájú kí ọ̀dà má baà ta sí i. Ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan bo imú, kò sì wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tó kan ká po ọ̀dà, tí tínà ń ṣàn dànù lẹ́nu gálọ́ọ̀nù, ó mú ike omi kan tó ṣófo, ó sì rọ tínà sínú rẹ̀ kó lè máa rọra dà á sínú ọ̀dà díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá Ràhmátù, òórùn yìí pọ̀ jù o," Amudat, ìyàwó rẹ̀, sọ láti ìdí iná. "Orí ń fọ́ mi."

"Fara dà á. Tó bá di ọ̀la, kò ní rùn mọ́."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òórùn tínà ti wọ gbogbo ilé débi pé imú ẹnikẹ́ni ò kà á sí mọ́.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Sàlámì gbé ike náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búúta tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, ó lọ fọ ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó ní òun ò ní í pẹ́. Ọ̀dà ò sì tètè bọ́.

Ìyá rẹ̀, Màmá Àpèkẹ́, ló ń to nǹkan ìṣínu sórí ẹní. Ó to dàbínò, ó to kósáì, ìyẹn àkàrà, tí Amudat dín, ó to omi. Ó rí ike kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ búúta, ó gbé e mọ́ àwọn yòókù. Ta ló fẹ́ bá a wí? Ike omi ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì mọ́ bí omi.

Sàlámì padà dé, kò rí ike.

"Ta ló gbé ike tó wà níbí?"

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà tí ládàánì fi pe ìrun. Amudat, tí ooru iná ti bá jà láti ọ̀sán, ti gbé ike sẹ́nu. Ó gbé e mì kó tó mọ ohun tó gbé mì.

"Tínà ni! Amudat, tínà ni!"

Ike bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ọ̀fun mú, ó ń wúkọ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Ràhmátù, ọmọ wọn obìnrin, ti fò jáde, ó ń fi èdè Haúsá ké pe aládùúgbò wọn lójú títì pé kó jọ̀wọ́ máa bọ̀: "Mama Seth! Mama Seth, ku zo, don Allah!"

"Epo pupa!" Màmá Àpèkẹ́ ti dìde. "Ká fún un lépo kó lè bì í!" Ó bu epo kún ife. Sàlámì di orí ìyàwó rẹ̀ mú kó lè mu ún.

Ìyá Seth, Beatrice lorúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ilé tó kángun sí tiwọn ló ń gbé. Láìwọ bàtà ló sáré wọlé.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ má fún un!"

"Kí ló dé? Epo la fi ń tọ́jú ẹni tó bá jẹ májèlé láti ìgbà àwọn ìyá wa. Ṣé o fẹ́ kó kú mọ́ wa lọ́wọ́ ni?"

"Mi ò fẹ́ kó kú, Màmá, ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ yín." Beatrice kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà. "Tó bá bì í, tínà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ bó ṣe ń bọ̀ lókè. Ibẹ̀ ló ti ń pààyàn. Ẹ má fún un lépo, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Kó fi omi ṣan ẹnu, kó tu ú dànù. Ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ọsibítù ló kàn."

Màmá Àpèkẹ́ wo ife epo, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó gbé ife sílẹ̀. Ó bú sẹ́kún. "Èmi ni mo gbé e sórí ẹní. Èmi ni."

"Èmi ni mo rọ ọ́ síbẹ̀, Màmá," Sàlámì sọ.

Lásìkò ìṣínu, ta ló ń rí kẹ̀kẹ́ màrúwá ní Kano? Gbogbo àwọn tó ń wà á ti lọ jẹun. Mọ́tò Sàlámì nìkan ló wà, ìwé ìròyìn sì bò ó lójú, ọ̀dà ara rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ó fi èékánná ya ìwé náà kúrò. Wọ́n gbé Amudat wọlé, Sàlámì sì fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀kùn dé, lára ọ̀dà tútù. Beatrice gbé gálọ́ọ̀nù tínà dání, ó ní dókítà gbọ́dọ̀ rí ohun tó mu gan-an.

"Ṣó ń mí?" Sàlámì bi í bí wọ́n ṣe ń jáde.

"Ó ń mí. Wo iwájú."

"Ṣó ṣì ń mí?"

"Sàlámì, wa mọ́tò!"

Ní ọsibítù, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Dókítà béèrè ohun tí wọ́n fún un mu nílé. Beatrice ní kò mu nǹkan kan, omi tó fi ṣan ẹnu ni. Dókítà ní wọ́n ṣeun. Síbẹ̀, díẹ̀ ti kan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni ọdún sì ti bá a. Ní gbogbo ìgbà náà, Sàlámì ń ka èémí rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á láti sùn.

Ó yè é, a dúpẹ́. Àwọn ará Ìlọrin ló wá kí wọn. Àna rẹ̀ tó fi mọ́tò náà ṣẹ̀fẹ̀ lọ́dún tó kọjá rí àpá ìka márùn-ún lára ilẹ̀kùn mọ́tò, nínú ọ̀dà tó ti gbẹ. Ó yanu bí ẹni fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Amudat wúkọ́ nínú ilé, àna náà sì pa ẹnu dé. Sàlámì ò tíì kun ojú àpá náà di òní.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, tí ẹ bá fẹ́ kun mọ́tò fúnra yín, ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kó jìnnà sí iná àti oúnjẹ. Ẹ bo imú àti ojú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Inú ohun tí ẹ ra tínà ni kó wà, kí ẹ tì í mọ́bi tí ọwọ́ ò tó. Tí ẹnìkan bá ṣèèṣì mu ún, epo kọ́, mílíìkì kọ́, ọsibítù ni, kí ẹ sì gbé gálọ́ọ̀nù náà dání.

Kí ẹ tó jẹun alẹ́ òní, ẹ dákun, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé yín. Tínà, kẹrosíìnì, omi bátìrì: inú kí ni ẹ rọ wọ́n sí?